Bí Ọmọ́jùwà Ṣe Yan Ìyẹ́ Tó Yẹ Sìlíńdà Kan

Ẹ̀yin ará èbúté gbogbo, ẹ̀yin tí ilé yín dúró lórí òpó láàárín omi, tí ẹ ń wa ọkọ̀ lọ tọrọ iyọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, ẹ gbé àjẹ̀ yín sínú ọkọ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ìròyìn ọkùnrin. Ọmọ́jùwà ni mo fẹ́ pè. Ọmọ́jùwà ọmọ Akíngbàdé, ọmọ ẹni tí ó fi ìka lásán tú okùn ọkọ̀ èrò ní ọjọ́ tí okùn náà di kókó tí gbogbo awakọ̀ ń pariwo pé kí wọ́n mú ọ̀bẹ wá. Ọmọ-ọmọ Fádaìró, akọni tí ó ṣubú sínú ọ̀sà pẹ̀lú àwo ẹ̀bà lọ́wọ́, tí ó rì, tí ó gòkè, tí omi kò sì kan ẹ̀bà náà. Àwọn kan sọ pé omi kàn án díẹ̀ ní etí kan. N kò sí níbẹ̀, nítorí náà n kò ní jiyàn. Láti ìhà ìyá, ìran àwọn tí ń kígbe mọ́ ẹja àrọ̀ títí ojú yóò fi ti ẹja náà wọnú ìgèrè ni wọ́n ti bí i. Ọmọ́jùwà, òpó gígùn tí ń rìn lábẹ́ omi, ẹni tí ó bá ń kọjá tí akàn ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ìjì tí ń mí nínú rọ́bà, erin tí ń kọjá lórí ẹrẹ̀ tí ẹrẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá.

Iṣẹ́ tí ó ṣe ní Èbúté Olómitútù ni mo fẹ́ ròyìn, bí ó ti rí gẹ́lẹ́, láìfi kún un ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní Èbúté Olómitútù, pákó ni gbogbo ilé, ewé gbígbẹ sì ni òrùlé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí èyí ni àwọn àgbà fi ṣe òfin pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fẹ́ iná áyọ́ọ̀nù eléèédú láàárín ilé. Ìpẹ̀kun jẹ́tì, afárá pákó tí ó yọ sínú omi, ni obìnrin yòówù tí ó bá fẹ́ lọ aṣọ ti ń fẹ́ iná rẹ̀, kí iná tí ó bá ta jáde lè bọ́ sínú omi kí ó kú síbẹ̀. Ìyé Fẹ́hìntọlá, opó tí ń lọ sùtánà funfun gbogbo ìjọ, ni ó ni áyọ́ọ̀nù tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo agbègbè náà: irin dúdú tí ẹnu rẹ̀ mú bí iwájú ọkọ̀ ogun, tí àkùkọ kékeré kan tí wọ́n fi idẹ ṣe dúró lórí rẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ bí ọba tí ó jókòó lé orí ọ̀tá. Ní àárọ̀ Sátidé tí ìkórè ku ọ̀la, Ìyé gbé irin yìí dé ìpẹ̀kun jẹ́tì, ó ń fì í síwájú, ó ń fì í sẹ́yìn, kí atẹ́gùn lè bá èédú ṣiṣẹ́, òógùn sì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Irin náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fò. Ó kan omi, ó dún ṣìì bí àkàrà tí wọ́n jù sínú epo gbígbóná, ó sì rì pẹ̀lú àkùkọ rẹ̀.

Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè rìn wọ̀. Ọkọ̀ tí ń fa yanrìn ti gbẹ́ ibẹ̀ jìn tó igi àgbọn, igi àgbọn tí kò tíì dàgbà tán ni mo ń wí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ sínú omi láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, wọ́n dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá ti kan ẹrẹ̀ báyìí, ẹrẹ̀ náà á dìde bí èéfín, olúwarẹ̀ kò sì ní rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n gòkè pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú èékánná. Nínú ilé Ìyé, sùtánà ìjọ tò jọ gègèrè, gbogbo wọn wúnjọ bí iwájú orí ẹni tí wọ́n jí kí oorun rẹ̀ tó tó. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ Amòòkùn, àwọn tí ń mí lábẹ́ omi, ó sì bọ́ sí ọjọ́ tí ó kan Ọmọ́jùwà láti ṣíwájú.

Ẹ má ṣe rò pé inú gbogbo ènìyàn dùn sí i. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, Ọmọ́jùwà ṣíwájú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti lọ wá ìdákọ̀ró kan, ohun tí ó kọ́kọ́ padà wá sí ojú omi kì í sì í ṣe ìdákọ̀ró, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ méjèèjì, nínú bàtà pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, ń fẹ́ atẹ́gùn fún àwọn èrò tí ó dúró lórí jẹ́tì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin èbúté ti ń pè é ní Ẹsẹ̀-Ṣáájú. Baba Ògúngbèmí, Olórí Ẹgbẹ́ Amòòkùn, àgbà tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wọ omi mọ́ ṣùgbọ́n tí àṣẹ rẹ̀ ṣì ń dé ìsàlẹ̀ ọ̀sà, pè é síwájú gbogbo ènìyàn ní àárọ̀ náà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́jẹ́.

“Bí ẹsẹ̀ rẹ bá tún ṣáájú orí rẹ dé òkè lónìí,” ni Baba wí, “ìwọ yóò bọ́ awò ojú rẹ fún mi. Ìdí ẹ̀rọ ni o máa jókòó sí.”

Ẹ̀rọ tí Baba ń wí ni ẹ̀rọ tí ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà, ẹ̀rọ tí ń wú ikọ́ tí ń tú èéfín láti àárọ̀ dé alẹ́. Amòòkùn tí wọ́n bá sì ti gba awò ojú lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní fi ojú kan ìsàlẹ̀ omi mọ́ títí yóò fi hu ewú. Ọmọ́jùwà kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Kò tilẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyẹ́. Èmi yóò sọ èyí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó lè yé gbogbo ènìyàn. Amòòkùn a máa gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti sìlíńdà náà ni àpò rọ́bà kan wà tí ó pẹlẹbẹ, tí ó tẹ́ sí ọ̀tún àti sí òsì, èyí tí wọ́n ń pè ní ìyẹ́. Bí amòòkùn bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, yóò fúyẹ́. Bí ó bá tú afẹ́fẹ́ náà, yóò rì. Bí ó bá sì mọ ìwọ̀n, yóò dúró jẹ́ẹ́ láàárín omi, kò ní lọ sókè, kò ní lọ sílẹ̀. Ìyẹ́ méjì péré ni ẹgbẹ́ náà ní. Èyí ńlá fẹ̀ bí ẹní ọmọdé, èyí kékeré kò ju ìrọ̀rí lọ. Nítorí bí ojú wọn ti rí ni wọ́n ṣe sọ èkínní ní Agbádá, tí wọ́n sì sọ èkejì ní Dàńṣíkí.

Àṣà ẹgbẹ́ náà sì ni pé ẹni tí ó bá ṣíwájú ni ó ń wọ Agbádá. Bí ẹran tí ó tóbi jù ti ń lọ sínú àwo àgbà, tí àga tí ó ga jù ti ń lọ sábẹ́ olóyè, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ tí ó fẹ̀ jù ń lọ sí ẹ̀yìn aṣíwájú, yálà sìlíńdà kan ni ó gbé tàbí méjì. Ọmọṣẹ́ ni ń wọ Dàńṣíkí. Nígbà tí Ṣógbẹsàn, ojúgbà Ọmọ́jùwà, jẹ́ ọmọṣẹ́ ní ọdún kan, wọ́n gbé sìlíńdà méjì kọ́ ọ lẹ́yìn pẹ̀lú Dàńṣíkí nìkan, ó wọ omi bí òkúta ọlọ, ó rì wọnú ẹrẹ̀ dé orúnkún, okùn ni wọ́n fi fà á jáde. Kò sí ẹni tí ó bi ìyẹ́ léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìgbéraga Ṣógbẹsàn ni ó wúwo.

Ní ọjọ́ Sátidé tí mo ń wí yìí, ẹ̀rọ ti dákẹ́ láti Ọjọ́bọ̀. Sìlíńdà kan ṣoṣo ni ó kún.

Ọmọ́jùwà gbọ́ èyí, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀: ó jókòó, ó ronú. Kìnnìún tí ó fẹ́ fò mọ́ ẹfọ̀n kì í sinmi tó bẹ́ẹ̀. Ó kó ìyẹ́ méjèèjì lọ sí ẹ̀yìn ilé Baba, ó de Agbádá mọ́ sìlíńdà tí ó kún náà lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ẹnu sí rọ́bà, ó sì fẹ́ ẹ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Wò ó, etí méjèèjì Agbádá kò tẹ́ rárá. Wọ́n dìde, wọ́n ká, wọ́n sún mọ́ ara wọn, wọ́n sì dì mọ́ sìlíńdà náà bí ewé eéran ti ń dì mọ́ ẹ̀kọ. Ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ sá pamọ́ sínú ìṣẹ́po, kò rí ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ ni ó ti rántí ìdákọ̀ró, ọjọ́ tí ó wọ Agbádá pẹ̀lú sìlíńdà kan, tí ó rántí bí ohun kan ṣe fà á ní ìdí sókè tí ó sì dojú rẹ̀ dé.

Ó gbé sìlíńdà òfìfo méjì, ó tò wọ́n pọ̀, ó de Agbádá mọ́ wọn. Agbádá tẹ́ lọ sí ọ̀tún, ó tẹ́ lọ sí òsì, ó gbalẹ̀ bí aṣọ òkè lórí okùn ìsáṣọ, nítorí pé ó rí ohun tí ó fẹ̀ tó o láàárín. Ó de Dàńṣíkí mọ́ méjèèjì, Dàńṣíkí sọnù sẹ́yìn wọn bí fìlà ọmọdé lórí àgbà. Ó wá de Dàńṣíkí mọ́ ẹyọ kan, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kò ká, kò ṣẹ́po, kò fì. Ọmọ́jùwà tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó má baà jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni ó tàn án. Bákan náà ni ó rí.

Àwọn jagunjagun àtijọ́ a máa gba ìlú olódi. Ọmọ́jùwà gba òye. Ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù ṣì wà níwájú, nítorí nígbà tí ó padà dé orí jẹ́tì, gbogbo èbúté ti péjọ, Baba Ògúngbèmí sì dìde, ó gba Agbádá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i lójú gbogbo ayé. Ta ni yóò kọ ohun tí àgbà fi ọwọ́ méjèèjì fún un? Bí ó bá gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣáájú. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ó ti tàbùkù Baba, nítorí àbùkù náà ni wọn yóò sì ṣe gba awò ojú rẹ̀.

Ọmọ́jùwà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí pákó.

“Baba,” ni ó wí láti ilẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ Dàńṣíkí.”

Ìyé Fẹ́hìntọlá fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ṣé ọmọṣẹ́ ni ọ́ ni?” Baba béèrè. “Àbí èmi ni n kò tó ẹni tí ń fún ènìyàn ní Agbádá?”

“Ẹ̀yin lẹ tó bẹ́ẹ̀, Baba. Sìlíńdà kan péré ni mo fẹ́ gbé. Agbádá yìí ń wá ẹni tí yóò kún un, n kò sì rí i níhìn-ín àfi ẹ̀yin. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ jókòó sórí jẹ́tì, kí iṣẹ́ yìí lè ní orí lókè. Èmi á jẹ́ ẹsẹ̀ nísàlẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ ọjọ́sí kọ́ nìyẹn?” Ṣógbẹsàn béèrè láti ẹ̀yìn, àwọn obìnrin sì rẹ́rìn-ín títí jẹ́tì fi mì.

Ṣùgbọ́n Baba kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Agbádá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí orúnkún ti lé e kúrò nínú omi, bóyá ó sì ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ti sọ pé kí ó wọ̀ ọ́. Ó gbé ìdodo síwájú, ó sì na apá méjèèjì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Wọ́n so ìgbànú Agbádá mọ́ ọn ní àyà àti ní ìbàdí. Ṣógbẹsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kí ó fẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ń ro ó. Ẹ wo Baba Ògúngbèmí lórí àga rẹ̀ ní ìpẹ̀kun jẹ́tì, ìyẹ́ dúdú ńlá ní ọ̀tún, ìyẹ́ dúdú ńlá ní òsì, bí àwòdì tí ó bà sórí òpó tí ó ń ṣọ́ gbogbo ọ̀sà.

Ọmọ́jùwà de Dàńṣíkí mọ́ sìlíńdà rẹ̀ kan. Ó so ìgbànú òjé mọ́ ìdí kí ó lè rì, ó wọ bàtà pẹ́pẹ́yẹ, ó tutọ́ sínú awò ojú rẹ̀ kí dígí rẹ̀ má baà ṣú, ó fi omi ṣàn án, ó sì wò ó bí ẹni tí ń dágbére, nítorí kò mọ̀ bóyá òun ni yóò tún bọ́ ọ tàbí Baba ni yóò gbà á. Lẹ́yìn náà ni ó wọ omi.

Ta ni yóò sọ ìrìn àjò náà tán? Ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí omi ti gbóná, ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí ó ti tutù, ó kọjá lára taya kan tí ó ti di ààfin ẹja, ó kọjá lára ìdajì àga oníke kan, ìmọ́lẹ̀ òkè sì di aláwọ̀ tíì. Nígbà tí ó rí ẹrẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí ó rọ̀ tí ó ń dúró de ẹsẹ̀ tí yóò kàn án, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú Dàńṣíkí ní ẹ̀ẹ̀kan kékeré. Ó dúró. Kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, kò yí. Ó dúró bí àwọsánmà lórí oko ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọ̀sà, ẹrẹ̀ Olómitútù kò tíì rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀: amòòkùn wà lókè orí rẹ̀ gan-an, kò sì rí ohun tí yóò torí rẹ̀ dìde.

Nínú omi tí kò dàrú náà ni ó ti rí i tí idẹ dán. Àkùkọ ni. Orí rẹ̀ nìkan ni ó yọ nínú ẹrẹ̀, ó kọjú sí ìlà-oòrùn bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́. Akàn kan ti wọnú áyọ́ọ̀nù náà láti ibi ihò atẹ́gùn, ó ti rí i pé ilé náà dára, ó sì na èékánná méjèèjì sí Ọmọ́jùwà láti bá a jà nítorí ilé. Ìjà náà le. Akàn gbá ìka àtàǹpàkò rẹ̀ mú. Bóyá ìka ìlábẹ̀ ni, èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, ó dùn ún. Ọmọ́jùwà kò pariwo, nítorí rọ́bà tí ó fi ń mí wà ní ẹnu rẹ̀. Ó di àkùkọ mú ní ọrùn, ó fa irin náà yọ, ó gbọn akàn jáde kúrò nínú rẹ̀, ó sì kọjú sí òkè.

Lórí jẹ́tì, gbogbo ojú wà lára ibi tí ìfófòó ti ń hó. Ìyé Fẹ́hìntọlá ń sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá fi lè rí bàtà pẹ́pẹ́yẹ, òun á kúkú dá sùtánà gbogbo ìjọ padà, kí kálukú tẹ́ tirẹ̀ sábẹ́ ẹní, kí ó sùn lé e kí ó lè nà. Ìfófòó pọ̀ sí i. Omi là. Ohun tí ó kọ́kọ́ yọ sí ayé ni àkùkọ idẹ kan, ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ọwọ́ tí akàn ti gé, ohun tí ó sì tẹ̀ lé ọwọ́ ni orí, orí Ọmọ́jùwà ọmọ Akíngbàdé, ó dúró ṣánṣán lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ kọjú sí ènìyàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ń wà.

Ìyé gba irin rẹ̀. Ó da omi inú rẹ̀ nù, ó wo àkùkọ rẹ̀ dáadáa, ó sì ní, “Ọmọ mi, wọn ò gbọdọ̀ pè ọ́ ní Ẹsẹ̀-Ṣáájú mọ́ lójú mi.” Lẹ́yìn náà ni ó rọra fi kún un pé lẹ́yìn òun, òun kò lè ṣèlérí.

Ó ku ìdájọ́ Baba. Baba dìde kúrò lórí àga láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n àga náà bá a dìde, nítorí Agbádá ti ki ara rẹ̀ bọ àárín igi ẹ̀yìn àga. Wọ́n yọ ọ́. Oòrùn ti mú afẹ́fẹ́ inú Agbádá wú sí i, ìgbànú sì ti fún Baba ní àyà tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi ń jáde tín-ín-rín. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì orí rọ́bà kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Iyọ̀ ti dì í pa. Ọ̀nà kan yòókù ni okùn kékeré tí ó so mọ́ ìsàlẹ̀ ìyẹ́ náà, èyí tí wọ́n ń fà kí afẹ́fẹ́ lè tú. Gbogbo amòòkùn ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí okùn náà gúnlẹ̀ sí, ìdí Baba gan-an ni, kò sì sí ọmọ tí wọ́n bí dáadáa ní Èbúté Olómitútù tí yóò na ọwọ́ sí ìdí àgbà ní gbangba. Ṣógbẹsàn wo ojú ọ̀run. Àwọn yòókù wo bàtà ara wọn. Baba dúró láàárín wọn, ó ń wú, kò lè mí kanlẹ̀, kò sì fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

Ó sọ ìdájọ́ rẹ̀ pẹ̀lú èémí tí ó kù. Ó ní kí Ọmọ́jùwà mú awò ojú rẹ̀ wá. Ọmọ́jùwà bọ́ ọ fún un. Baba gbà á, ó wò ó ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ nu omi kúrò lójú dígí rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà.

Nígbà náà ni Ọmọ́jùwà dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Baba, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, gbọọrọ, àyà kan pákó, apá nà síwájú; nígbà tí ó sì fẹ́ dìde, ó gbé ọwọ́ kan sókè díẹ̀, díẹ̀ péré, ìka rẹ̀ sì kan okùn náà bí ẹni pé fún ẹni tí ń dìde láti ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe so ó síbẹ̀. Ó fà á. Afẹ́fẹ́ tú jáde fùùùù, ó gùn, ó nípọn, ó ṣí fìlà lórí Ṣógbẹsàn, ó fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù Ìyé di iná. Rárá, èédú náà ṣì tutù. Fìlà nìkan ni ó ṣí. Agbádá rọ̀ wọlẹ̀, Baba Ògúngbèmí sì mí èémí kan tí wọ́n gbọ́ dé òdìkejì ọ̀sà.

Pẹ̀lú èémí náà ni ó fi kéde, ẹ gbọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀, pé láti òní lọ ní gbogbo omi Olómitútù, ẹni tí ó bá gbé sìlíńdà méjì ni yóò wọ Agbádá, ì báà jẹ́ ọmọṣẹ́ àná. Ẹni tí ó bá gbé ẹyọ kan ni yóò wọ Dàńṣíkí, ì báà jẹ́ òun Baba fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi ìyẹ́ léèrè ọjọ́ orí ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ ìkórè, gbogbo ìjọ wọlé nínú funfun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó dán, tí kò ní ìlà kankan àfi ìlà tí Ìyé fi irin fà sí i. Sùtánà Ọmọ́jùwà nìkan ni ó wúnjọ. Ìyé ti lọ gbogbo ti èbúté tán kí ó tó kan tirẹ̀, èédú sì ti tán. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó jókòó ní ìjókòó iwájú, ó sì gbé awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn lórí rẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i.